Bí Mo Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Ìbẹ̀rù Òpin Ayé

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́jọ́ tí mo gbà pé Jésù ti dé, pé ó ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ, pé èmi nìkan ló kù sílẹ̀ ní Iléṣà.

Ọdún 1990 ni. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì fi sinimá hàn wá. Nínú sinimá náà, ọkùnrin kan ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó yíjú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ìgbà tó máa padà yíjú, aṣọ ìyàwó ló kù nílẹ̀. Mi ò rí ìyókù, nítorí mo ti fi orí pamọ́ sórí itan ìyá mi. Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ti ilé ìwé dé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìkòkò ẹ̀wà ń hó lórí sítóòfù. Sálúbàtà ìyá mi méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan dojú dé. Mo pe "Màámi!" lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo yọjú sí yàrá àwọn tá a jọ ń gbé ilé náà, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Mi ò sunkún. Ara mi kàn tutù láti òkè délẹ̀ ni. Mo sáré jáde, mo gba ilé tíṣà wa ní ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi lọ, torí mo ti rò ó lọ́kàn pé bí ẹnì kan bá wà ládùúgbò wa tí Jésù ò ní gbàgbé, màmá yẹn ni. Tí mo bá bá wọn nílé, a jẹ́ pé kò tíì ṣẹlẹ̀. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń fẹ́ná, wọ́n ń sun bọ̀ọ̀lì. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rò pé ebi ló ń pa mí, wọ́n mú bọ̀ọ̀lì kan fún mi. Mi ò sọ ohun tó ń ṣe mí fún wọn. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó gbọ́ pé ìyàwó kan nínú ilé wa ló ń rọbí, pé ìyá mi àti gbogbo àwọn obìnrin ilé ló sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìyá mi ò tiẹ̀ rántí wọ bàtà.

Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò sùn lóru kankan láì kọ́kọ́ tọrọ ìdáríjì. Tí mo bá tọrọ tán, màá tún tọrọ, torí ó ṣeé ṣe kí n ti ro èrò burúkú kan láàárín àdúrà àkọ́kọ́ àti èkejì. Àwọn ará ìjọ ń yìn mí. Wọ́n ní ọmọ yìí ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ Ọlọ́run, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó má fi mí sílẹ̀.

Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá l'Ékòó. Ìparí oṣù ni wọ́n máa ń wálé, àmọ́ ọjọ́ kì í dúró sójú kan. Ó lè jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó lè jẹ́ Àbámẹ́ta, mọ́tò sì lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn kó di ọjọ́ Àìkú. Bí oṣù bá ti ń parí, ìyá mi á fọ aṣọ ibùsùn, àwa ọmọ á gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Tá a bá gbúròó wọn ní kọ̀rọ̀, gbogbo wa la máa sáré. Lóṣù tí mo fọ́ rédíò wọn, mo sáré pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Mo dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ kí n tó sọ fún wọn pé mo ti fọ́ rédíò. Ọmọ kan náà ni mí, ẹni tí kì í sùn lóru nítorí Jésù lè dé.

Mo parí ilé ìwé girama, owó yunifásítì ò sí. Ní oṣù kìíní 1997, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Òkèsà. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn wa, tó túmọ̀ sí pé ìparí 1999 ni màá ṣe fírídọ̀m. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ wa mọ ohun tí fírídọ̀m jẹ́: ọjọ́ tí ọ̀gá máa gbàdúrà lé ọ lórí lójú àwọn òbí rẹ, tó máa fún ọ ní ìwé ẹ̀rí, tí o kúrò lọ́mọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Owó ni. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ń dá àjọ ₦20 lójúmọ́.

Láàárín 1998, mo wọ ẹgbẹ́ àdúrà kan tó ń pàdé láàárọ̀ kùtùkùtù. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ fẹ́ràn Olúwa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ olórí wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa pé ọdún 2000 ni òpin. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: Pétérù sọ pé ọjọ́ kan lọ́dọ̀ Olúwa dà bí ẹgbẹ̀rún ọdún, láti ọ̀dọ̀ Ádámù dé ọ̀dọ̀ Jésù jẹ́ 4,000 ọdún, láti ọ̀dọ̀ Jésù dé ọ̀dọ̀ wa jẹ́ 2,000, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ti pé, ọjọ́ ìsinmi ló kù. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn kọ̀ǹpútà tún wá bá a mu. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn, nọ́ńbà méjì péré ni wọ́n fi ń kọ ọdún, 98, 99, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé tó bá di 00, ẹ̀rọ á rò pé 1900 ni, báńkì á dàrú, ọkọ̀ òfuurufú á já. Olórí wa ka ìwé ìròyìn yẹn fún wa, ó ní, "Ẹ rí i? Àwọn aláìgbàgbọ́ pàápàá ti mọ̀."

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí n tó ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé èyí tí a ń fi ṣírò, nínú Pétérù Kejì orí kẹta. Ibẹ̀ ló ti sọ pé Olúwa kò jáfara, sùúrù ló ń mú fún wa, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣègbé. Pétérù ń sọ̀rọ̀ sùúrù Ọlọ́run, àwa ń fi í ka ọjọ́. Ẹsẹ kan péré ló wà láàárín wa àti ìtùnú, ẹnikẹ́ni nínú wa ò ṣí ojú kà á.

Ní oṣù kẹsàn-án 1999, mo kó àjọ tí mo dá lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn tí alájọ yọ tirẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ₦5,000. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́ láti fi tẹ ìwé ìléwọ́ tó ń kìlọ̀ fáráyé. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Kí ni mo fẹ́ fi fírídọ̀m ṣe? Ìyá mi sunkún. Mo wo omijé wọn, mo sì ka ìyẹn náà kún àmì ìgbà ìkẹyìn, pé àwọn ará ilé ẹni ni yóò jẹ́ ọ̀tá ẹni. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn títí dòní.

Ọ̀gá mi wá sílé wa ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo ṣàlàyé ìṣirò náà fún wọn láti Ádámù. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n wá ní, "Bàbá rẹ tó ń ti Èkó bọ̀, ṣé báyìí lo ṣe máa ń dúró dè wọ́n? O kì í gbálẹ̀? O kì í se oúnjẹ?"

Mi ò lè fèsì.

Wọ́n ní, "Nínú Lúùkù, ọkùnrin ọlọ́lá yẹn pín owó fún àwọn ẹrú rẹ̀ kó tó rìnrìn àjò. Kí ló ní kí wọ́n máa ṣe?"

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ẹ máa ṣòwò títí èmi ó fi dé."

"Aṣọ mẹ́tàdínlógún ló wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ènìyàn ti sanwó. Bí Olúwa bá dé lóṣù Kejìlá, mi ò fẹ́ kó bá mi ní gbèsè aṣọ ẹlẹ́ni ẹlẹ́ni."

Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù nítorí pé wọ́n jẹ́ àgbà, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wá. Ọjọ́ Ẹtì ni 31 oṣù Kejìlá 1999. Ìyàwó kan ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì, búbá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò tíì parí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti gun orí òkè lọ láti dúró de ìpè. Iná lọ ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ, a tan àtùpà. Ọ̀gá mi ń tẹ máṣíìnì, èmi ń fi ọwọ́ ká etí aṣọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì ń kọ orin ìsìn lábẹ́lẹ̀ bí ẹni pé alẹ́ lásán ni. Ní agogo méjìlá, agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù. Mo di etí mi. Àwọn ọmọdé yin nọ́káòtù nígboro, ariwo sọ, mo rò pé òun nìyẹn. Ariwo rọlẹ̀. Ajá kan ń gbó. Ọ̀gá mi gbé àtùpà súnmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n ní, "A kú ọdún o. Ó ku bọ́tìnnì."

Ní oṣù kejì, olórí ẹgbẹ́ wa ní a ṣi ìṣirò, pé 2001 gan-an ni ọdún kẹgbàá pé. Mo kúrò láàárín wọn láìdágbére. Ó kọ́ mi ní nǹkan nípa irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: kì í kú nígbà tí ọjọ́ bá yẹ̀, ṣe ló máa ń sún ọjọ́ síwájú. Àwọn tó jìyà rẹ̀ ni kì í lè sún ìyà tiwọn síwájú. Arábìnrin kan láàárín wa ti mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílé ìwé. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó yẹ kó wà ní kíláàsì kẹta ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tó kéré sí i ní kíláàsì kìíní, ojú sì ń tì í. Ẹnikẹ́ni ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Èmi náà, tí mo fi owó mi tẹ ìwé ìléwọ́, mi ò tọrọ. Ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ṣe fírídọ̀m mi ní 2001, pẹ̀lú owó yíyá.

Ẹ̀rù ò kúrò lára mi lọ́jọ́ kan. Mo dákẹ́ nípa rẹ̀ ni, mi ò ka Ìfihàn mọ́, tí wọ́n bá fẹ́ wàásù ìgbà ìkẹyìn, màá jáde bí ẹni fẹ́ lọ tu ọmọ nínú. Ibi tí ó ti já ni ibi tí mi ò fojú sí, níbi ìsìnkú bàbá mi, ní 2009.

Wọ́n ti gbé pósí sẹ́nu ibojì. Olùṣọ́-àgùntàn ṣí Bíbélì, ó ń ka Tẹsalóníkà Kìíní orí kẹrin. Tí mo bá gbọ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, inú mi máa ń ru: Olúwa yóò sọ̀kalẹ̀, ohùn olórí àwọn áńgẹ́lì, ìpè Ọlọ́run. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ṣe sinimá yẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo dúró ti bàbá mi, mo sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ò kọ ọ́ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Tẹsalóníkà ti sin èèyàn wọn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn tó ti kú máa pàdánù ọjọ́ Olúwa, ó sì kọ̀wé sí wọn kí wọ́n má baà banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Ó ní àwọn òkú nínú Kristi ni yóò kọ́kọ́ jíǹde. Bàbá mi ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìpè yẹn, kí n tó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló wá fi gbólóhùn kan parí rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò kà fún mi rí láti kékeré: "Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tu ara yín nínú."

Mo sunkún débi tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi dì mí mú. Wọ́n rò pé òkú ló ń dùn mí, òkú sì ń dùn mí lóòótọ́. Àmọ́ mo tún ń sunkún lórí ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi sá fún ìpè tí yóò jí bàbá mi dìde. Mo rántí kọ̀rọ̀ ilé wa, mo rántí rédíò. Mo rántí ìbéèrè ọ̀gá mi, ó sì di ìgbà yẹn kí n tó mọ ìdáhùn rẹ̀.

Mo padà sílé, mo ka Ìfihàn láti orí kìíní dé orí kejìlélógún. Ìjọ méje ní Éṣíà ni wọ́n kọ ọ́ sí, ayé sì ń ni àwọn kan nínú wọn lára. Nígbà tí Jòhánù rí Jésù nínú ògo rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ bí òkú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Jésù sọ fún un ni "Má bẹ̀rù." Àdúrà sì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìwé náà: "Máa bọ̀, Jésù Olúwa." Ẹnikẹ́ni kì í bẹ ohun tó ń bẹ̀rù pé kó máa bọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ìbẹ̀rù dára, pé òun ló ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Èmi lè sọ ohun tí ó ṣe fún mi. Láàárín ọdún tí mo ń gbààwẹ̀ nítorí òpin ayé, mo ń kó aṣọ tó bá ṣẹ́kù lára aṣọ oníbàárà pamọ́ sínú àpò mi. Ọ̀pọ̀ télọ̀ ń ṣe é, a kì í kà á sí olè. Mò ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀rí ọkàn mi lálaalẹ́, kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan rí, nítorí ara mi ni mò ń wò, mi ò wo ẹni tó ni aṣọ. Àárín ọdún tó tẹ̀ lé ìsìnkú bàbá mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká àjẹkù aṣọ mọ́ inú aṣọ tí mo rán, tí mo ń dá a padà. Ẹnikẹ́ni ò wàásù rẹ̀ fún mi. Jòhánù kọ ọ́ pé ìbẹ̀rù kò sí nínú ìfẹ́, pé ìfẹ́ tí ó pé ń lé ìbẹ̀rù jáde. Ní tèmi, nínú àpò àjẹkù ni mo ti rí i.

Ní 2011, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé ìgbàsókè, ìyẹn ìgbà tí Jésù máa kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ, máa ṣẹlẹ̀ ní 21 oṣù karùn-ún. Harold Camping, oníwàásù orí rédíò kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣírò rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ dá 1994, kò ṣẹ. Nígbà tí ti oṣù karùn-ún kọjá, ó sún un sí 21 oṣù kẹwàá. Àwọn kan nínú àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ti ná owó tí wọ́n fi ayé wọn kó jọ. Ní 2012, ó kọ lẹ́tà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òun dá bí òun ṣe dá ọjọ́ fún Ọlọ́run. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún lẹ́tà yẹn, torí olórí tiwa ò kọ irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. William Miller, oníwàásù kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dúró de ìpadàbọ̀ Jésù ní 22 oṣù kẹwàá 1844, àwọn kan sì fi irè oko sílẹ̀ láìkórè. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni 21 oṣù karùn-ún yẹn bọ́ sí. Mo ní aṣọ ẹbí ìgbéyàwó tí mo gbọ́dọ̀ kó jáde. Mo kó o jáde.

Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, tí ìjọba ti ìlú pa, gbogbo fóònù kún fún pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù 5G ló fà á, pé àjẹsára ni àmì ẹranko inú Ìfihàn. Oníbàárà kan wá bi mí pé ṣé òpin ti dé. Mo ní mi ò mọ̀, Jésù náà sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ àti wákàtí. Ìbòmú ni mò ń rán, àǹkárá lójú òde, aṣọ òwú nínú, mo sì ń fún àwọn ìyá ọlọ́jà tí ò lówó. Mo ń rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n ń pè ní lùkúlùkú ń pa ènìyàn kiri, tí àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Nínú irú ìpéjọpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ Aládùúrà ti hù nílẹ̀ wa. Wọn ò jókòó máa ṣírò. Wọ́n ń gbàdúrà fún aláìsàn.

Ní oṣù keje 2022, ọlọ́pàá kó ènìyàn 77 jáde nínú ilé abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Oǹdó. Wọ́n ti ń dúró de ìgbàsókè. Àwọn ọmọdé wà láàárín wọn, àwọn kan ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Oǹdó ò jìnnà sí wa. Gbogbo ènìyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rédíò, èmi sì pa rédíò, mo kúnlẹ̀. Mo mọ bí oorun ṣe ń rí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Mo gbà pé Jésù ń bọ̀. Mo gbà á ju bí mo ṣe gbà á ní 1999 lọ, mo sì ń retí rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi pé mọ́kànlá lọ́dún tó kọjá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó mú fóònù wá bá mi, ó ti rí fídíò kan, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá ti ilé ìwé dé tí mi ò bá yín ńkọ́?" Mo gbé iṣẹ́ sílẹ̀, mo fà á mọ́ra, mo sọ ìtàn ọjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí mi ò sọ fún ìyá mi títí wọ́n fi kú. Mo sọ ti ilẹ̀kùn, ti sálúbàtà, bí mo ṣe sáré, bí tíṣà wa ṣe fún mi ní bọ̀ọ̀lì. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo parí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ̀wà yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀wà wo?"

"Tó wà lórí iná. Ta ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀?"

Mo ní kò sẹ́ni. Ó jóná, ìkòkò náà sì bàjẹ́.

Ó wò mí. "Ẹ ò bá ti kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Mọ́mì, kí ẹ tó lọ."